Téèpù Lọ́wọ́ Ọdẹ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo lójú títì. Àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe ohun tí kò yẹ ọmọlúàbí. Kì í ṣe gbogbo wọn o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é nínú wọn ti pọ̀ débi pé tí a bá dákẹ́, a ti bá wọn pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Àgbà ọkùnrin, onírùngbọ̀n funfun, á yìnbọn pa akọ àgbọ̀nrín tó sanra, tí ẹran rẹ̀ á tó ìyàwó àtọmọ jẹ fún oṣù mélòó kan. Á ya fọ́tò rẹ̀, á gbé e sórí Facebook. Ẹ wo ohun tó máa kọ sábẹ́ rẹ̀: pé kí ẹ má bínú, òun mọ̀ pé ìwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ó ń tọrọ àforíjì! Ẹni tó pẹran wálé ń bẹ àwọn tí kò dìde lórí àga! Ṣíọ̀.

Téèpù ló fà á. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Boone and Crockett Club. Theodore Roosevelt, tó padà di ààrẹ, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Bird Grinnell wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1887. Lọ́dún 1950, ẹgbẹ́ náà fẹnu kò sí bí wọn yóò ṣe máa wọn ìwo, ìlànà yẹn náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé dòní. Wọ́n á wọn gígùn ìwo, wọ́n á wọn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn bó ṣe nípọn tó, wọ́n á wọn àlàfo tó wà láàárín ọ̀tún àti òsì, títí dórí ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹsì. Bí ẹ̀ka ọ̀tún bá fi díẹ̀ gùn ju ti òsì lọ, wọ́n á yọ ìyàtọ̀ náà kúrò bíi tíṣà tó ń fi báírò pupa yọ máàkì. Ìwo gbọ́dọ̀ ti gbẹ fún 60 ọjọ́ kí òṣìṣẹ́ wọn tó fọwọ́ kàn án, torí bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì. Ní ti àgbọ̀nrín onírù funfun tí ìwo rẹ̀ hù déédéé, èyí tí kò bá tó 170 íǹsì kò lè wọ ìwé ńlá wọn tó wà títí ayé. Èyí tó bá jẹ́ 169 ńkọ́? Ẹ má dá mi lóhùn. Ọ̀gbẹ́ni ti wà nílé, ó fajú ro, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àgbọ̀nrín odindi sì wà nínú fíríìsà rẹ̀.

Ẹ má tíì bá ẹgbẹ́ náà jà o. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń wọlé, àwọn tó ń pa ẹran tà àti àwọn tó ń gé igbó lulẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run àgbọ̀nrín onírù funfun. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ló ṣẹ́ kù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, níbi tí nǹkan bí 30 mílíọ̀nù wà lónìí. Ìwo ńlá kì í hù lórí ọmọ kékeré. Akọ á tó ọmọ ọdún márùn-ún sí méje kó tó gbé èyí tó tóbi jù láyé rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń rí ìwo ńlá, ó ń jẹ́rìí pé àwọn akọ ń dàgbà kí ọta tó bá wọn, pé ara igbó náà le. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Roosevelt fúnra rẹ̀ lọ dẹ béárì ní Mississippi ní oṣù kọkànlá ọdún 1902. Holt Collier ló ṣamọ̀nà wọn, ọdẹ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, tó mọ igbó yẹn ju ilé rẹ̀ lọ. Collier mú béárì kan, ó so ó mọ́ igi, wọ́n wá pe ààrẹ pé kó wá yìnbọn. Ààrẹ kọ̀. Ó ní òun kò ní yìnbọn lu ẹran tó wà lórí ìso. Inú ìtàn yẹn ni béárì onírun tí àwọn ọmọdé ń gbé sùn, tí wọ́n ń pè ní Teddy, ti gba orúkọ. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ oníwèé ìwo sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wo àwọn tó ń fi ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ yangàn báyìí.

Ẹ gbọ́ nípa ti Michigan? Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ ọ́n. Ọdún 1998 ni. Nígbà yẹn, àgbẹ̀ kan ní Biggar, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, Milo Hanson lorúkọ rẹ̀, ló ni ìwo tó ga jù láyé láàárín àwọn onírù funfun tí ìwo wọn hù déédéé. Ọdún 1993 ló pa á: 213 íǹsì àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Ni ọ̀gbẹ́ni ti Michigan yìí bá jáde, ó ní òun fi ọfà pa èyí tó jẹ́ 216 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ. Àwọn mẹ́ta tó mọ̀ nípa wíwọ̀n ìwo fi téèpù kàn án, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ayé àwọn ọdẹ dàrú! Ṣùgbọ́n àwọn tójú wọn mú gbé fọ́tò náà sún mọ́ iná, wọ́n sì rí nǹkan kan: etí ẹran yìí mà wó sílẹ̀ lọ́nà tí etí àgbọ̀nrín kì í gbà wó. Wọ́n ní kó jẹ́ kí wọ́n fi X-ray wo agbárí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá orí yẹn náà ni ìwo náà ti hù, tàbí ẹnìkan ló gbé e lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ̀. Wọ́n ní kó gbé e wá síwájú Boone and Crockett. Kò gbé e lọ. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ síwèé pé òun kò ní pe ẹran náà ní èyí tó ga jù láyé mọ́.

Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé irọ́ ló pa o. Ẹ má wí pé mo wí. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbè é, wọ́n ní ọdẹ gidi ni, pé inú igbó nìkan ni ọkàn rẹ̀ wà, kò fẹ́ ariwo ọjà. Ó dáa. Ẹni tí kò fẹ́ ariwo, kí ló mú un pe àwọn oníwíwọ̀n mẹ́ta?

Fọ́tò gan-an ti di ẹ̀tàn. Ẹ wò wọ́n dáadáa nígbà mìíràn. Ọkùnrin náà kì í jókòó ti ẹran. Ó ń sá sẹ́yìn, á na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ, á fi ti orí ẹran náà síwájú kámẹ́rà, kí ìwo lè kún ojú fọ́tò, kí òun fúnra rẹ̀ sì kéré lẹ́yìn. Wọ́n tún ń so kámẹ́rà mọ́ igi kiri inú igbó, tọ̀sán tòru ló ń ya ohunkóhun tó bá kọjá. Wọ́n á wá mọ akọ kan láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á kọ orúkọ náà sínú ìwé àwọn tó gbọ́dọ̀ kú. Àbúrò ọkùnrin náà ń bi í pé igi wo ló ń jókòó sí, kò sọ. Ọmọ ìyá ẹni! Ó máa jí ní ìdájí, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí, á gun orí igi, ilẹ̀ á mọ́ níṣojú rẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á kọjá lábẹ́ rẹ̀, tòlótòló ìgbẹ́ á bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀ka, abo àgbọ̀nrín àti ọmọ rẹ̀ méjì á jẹko débi tó ti lè gbọ́ bí eyín wọn ṣe ń run ewé. Á padà sílé lọ́sàn-án, ìyàwó á bi í pé báwo ni. Ó ní: mi ò rí nǹkan kan.

Ẹ gbà mí o. Kò rí nǹkan kan!

Ojú kò ti wọn débi tí wọ́n á tún fi máa jalè. Tọkọtaya kan wà tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn arẹwà méjì, tí wọ́n ń fi fídíò ọdẹ wọn jẹun. Lọ́dún 2022 wọ́n gbà níwájú ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ pé àwọn jẹ̀bi nínú ẹjọ́ tó dá lórí ọdẹ tí wọ́n ṣe ní Nebraska, níbi tí wọ́n ti ń da oúnjẹ sílẹ̀ láti fi tan ẹran wá síwájú wọn lọ́nà tí òfin kò gbà. Gbogbo ẹ̀rín inú fídíò yẹn!

Ti Ohio ló wá burú jù. Lọ́dún 2023, ọkùnrin kan pa akọ kan tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó lè di èyí tó ga jù tí ìpínlẹ̀ náà tíì rí láàárín àwọn tí ìwo wọn hù déédéé. Ìwé ìròyìn ń sáré tẹ̀ lé e. Ó ní orí ilẹ̀ ẹbí òun lòun ti pa á. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, ti ọkùnrin yìí kò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹranko wádìí, wọ́n rí i pé orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ti pa á, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún un, wọ́n sì ní kó san owó ìpadàbọ̀sípò tó lé ní dọ́là 35,000 fún ẹran kan ṣoṣo.

Ẹ bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ṣírò owó yẹn. Orí á yí yín. Òfin Ohio ní kí wọ́n mú iye íǹsì ìwo náà, kí wọ́n yọ 100 kúrò, kí wọ́n fi èyí tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí wọ́n wá fi dọ́là 1.65 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìwo tó jẹ́ 150 íǹsì á di dọ́là 4,125. Èyí tó jẹ́ 200 á di 16,500. Mo mọ ìdí rẹ̀: wọ́n fẹ́ kó dun olè. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ìjọba náà ti gbé téèpù? Abo tó ń bímọ, tó ń mú kí igbó kún, kò ní ìwo, ìṣirò yìí kò mọ̀ ọ́n rí.

Texas ni mo tọ́jú sẹ́yìn kí ẹ lè jẹun tán kí n tó sọ ọ́. Níbẹ̀, wọ́n ń sin àgbọ̀nrín nínú ọgbà wáyà gíga. Wọ́n fi nọ́ńbà sí i létí, wọ́n kọ ìran baba àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń ta àtọ̀ akọ tí ìwo rẹ̀ pọ̀ fún ara wọn. Àwọn kan nínú ẹran wọ̀nyí ti gbé ìwo tó kọjá 500 íǹsì, ó rí wúruwùru bí igi tó wó, ọrùn ẹran náà ló ń jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú u sínú pápá tí wáyà yí ká, oníbàárà á wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, á yan èyí tó bá àpò rẹ̀ mu, torí bí ìwo bá ṣe pọ̀ tó lowó rẹ̀ ń gòkè tó. Ẹran tó ti ń jẹun lọ́wọ́ ènìyàn láti kékeré ni wọ́n ní kó wá sá fún ìbọn. Béárì Mississippi ṣì sàn, okùn tirẹ̀ hàn sójú. Boone and Crockett kò gba irú ìwo bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wọn, mo kí wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ògiri ilé olówó kò béèrè ìwé.

Àìsàn sì ń bẹ níbẹ̀. Àrùn kan wà tó ń jẹ ọpọlọ àgbọ̀nrín, tí ẹran á máa rù títí yóò fi kú, tí kò sí oògùn rẹ̀. Colorado ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1967, lára ẹran tí wọ́n há mọ́. Lọ́dún 2015 wọ́n rí i nínú ọgbà àwọn olùsìn àgbọ̀nrín onírù funfun ní Texas. Ìjọba ní kí wọ́n máa yẹ ẹran wò kí wọ́n tó kó o láti ọgbà kan sí òmíràn. Ṣé ẹ rò pé wọ́n gbọ́? Lọ́dún 2025 ni àwọn agbófinró ìgbẹ́ kéde iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Ghost Deer: ẹ̀sùn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lórí àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń kó àgbọ̀nrín kiri láìṣe àyẹ̀wò. Fàyàwọ́ àgbọ̀nrín! Nítorí ohun tó wà lórí ẹran, wọ́n fẹ́ pa ẹran náà tán.

Ẹ tiẹ̀ dúró ná. Ṣé àwọn ènìyàn yìí mọ̀ pé ìwo náà ń já fúnra rẹ̀? Bí ìgbà òtútù bá ti ń parí lọ, ìwo kan á já bọ́, èkejì á tẹ̀ lé e, bó bá di ìgbà ìrúwé, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí hù. Lọ́dọọdún ni. Ẹni tó bá fẹ́ ìwo kò nílò ọta ìbọn, ẹsẹ̀ ni kó fi rìn. Ní Jackson, ní Wyoming, àwọn ọmọ Boy Scout ló ń wọ inú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń tọ́jú elk sí, ìyẹn mọ̀lẹ́bí àgbọ̀nrín tó tóbi bí ẹṣin, wọ́n á ṣa ìwo tó já sílẹ̀, wọ́n á sì lu ú ní gbànjo ní oṣù karùn-ún. Àwọn ọmọdé ń ṣa á nílẹ̀ o! Ohun tí àgbàlagbà ń tìtorí rẹ̀ purọ́.

Kò yẹ kí n máa bú gbogbo ilé tán. Ní Wisconsin, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àsìkò ìbọn fún àgbọ̀nrín, láti Sátidé tó ṣáájú Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ wọn. Àwọn ọdẹ tó ń jáde lé ní ìdajì mílíọ̀nù, gbogbo wọn wọ aṣọ olómi-ọsàn tó ń tàn yòò kí wọ́n má baà yìnbọn lu ara wọn. (Láti ọdún 2016, òfin tún gba píǹkì. Ọdẹ nínú píǹkì! Mo dákẹ́.) Bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ á kó wọ inú ahéré kan nínú igbó, wọ́n á dáná, wọ́n á ta káàdì, wọ́n á tún ìtàn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn sọ, ẹran inú ìtàn náà á sì máa tóbi sí i lọ́dọọdún láìsí téèpù. Ó níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá yìnbọn tàsé, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri. Ògiri tó gbé àkísà yẹn wù mí wò ju ti olówó Texas lọ. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni Aldo Leopold ti kọ́ni ní yunifásítì, ọdẹ tó ń fi ọrun òun ọfà dẹ̀gbẹ́, tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀, A Sand County Almanac, jáde ní 1949, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tó rí ni pé kò sí òǹwòran tó ń pàtẹ́wọ́ fún ọdẹ nínú igbó, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìkan ló ń wò ó. Kámẹ́rà kò tíì dé orí igi nígbà tiẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọdẹ tiwa kì í tọ́jú egungun. Ó ń gbé orí ẹran sí ojúbọ Ògún. Ní Kúbà, ìwo àgbọ̀nrín wà níbi Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrun àti ọfà rẹ̀, láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn ré kọjá òkun. Èwo nínú wọn lẹ rí tó ń wọn íǹsì? Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ: ìṣẹ́ àti ìyà igbó yẹn gan-an ni ìtàn rẹ̀, ẹran tó pín fún aládùúgbò ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti James Jordan kún un. Lọ́dún 1914, nítòsí Danbury ní Wisconsin, ó pa akọ kan tó kàmàmà. Ó gbé orí rẹ̀ fún ẹnìkan tó ń fi orí ẹran ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri pé kó bá òun ṣe é. Ọkùnrin yìí kó kúrò nílùú, kò sẹ́ni tó tún gbúròó ìwo náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n pàtẹ rẹ̀ mọ́ ẹrù àlòkù ní Sandstone, ní Minnesota, ẹnìkan rà á ní dọ́là 3. Ẹlòmíràn tún rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní dọ́là 1,500. Wọ́n wọ̀n ọ́n: 206 íǹsì àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, òun ló ga jù láyé títí Hanson fi dé. Jordan ti darúgbó nígbà náà, ó ń sọ pé tòun ni, inú ìwé ńlá ni wọ́n sì ti kọ ọ́ pé a kò mọ ọdẹ tó pa á. Ọdún 1978 ni wọ́n tó gbà pé òun ni. Ó ti kú ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ ipa ẹran náà kò rí dọ́là kan he, téèpù ń gba ọwọ́ dé ọwọ́.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ṣì kù. Ìwo àgbọ̀nrín onírù funfun méjì tó pọ̀ jù tí a tíì rí nínú igbó, èyí tí ẹ̀ka wọn hù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ta ló pa wọ́n? Kò sẹ́ni tó pa wọ́n! Ti Missouri, 333 íǹsì àti ìdá méje nínú mẹ́jọ, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá lọ́dún 1981 lẹ́bàá St. Louis, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó ló sì gbé e sọ́dọ̀. Èkejì kú sẹ́bàá ojú irin ní Ohio ní nǹkan bí ọdún 1940: 328 àti ìdá méjì nínú mẹ́jọ. Wọ́n gbé e kọ́ sínú ilé ọtí ẹgbẹ́ kan ní ìlú Kent, ó sì wà níbẹ̀ ju ogójì ọdún lọ. Ihò kan wà lára ẹ̀ka ìwo rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń mutí lábẹ́ rẹ̀ sì ń jiyàn: ọta ìbọn ló dá a lu, irú ìbọn wo ni, ta ló yìn ín? Nígbà tó yá ni ọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹran náà wá sọ pé wáyà ọgbà ló gún un. Gbogbo ọtí yẹn, gbogbo ariwo yẹn, lórí ọta tí ẹnikẹ́ni kò yìn.